Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Etí Ọ̀sà Àgbádárìgì àti Ìdílé Àjàyí Crowther



Ilé kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kì í ṣe ààfin, kì í ṣe ilé ìjọsìn, kì í sì í ṣe ilé ìṣọ́ ogun. Ilé gbígbé ni, alájà méjì, tí ó dojú kọ ọ̀sà ní Àgbádárìgì. Kò sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò mọ orúkọ tí a fi ń pè é: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Bí olùkọ́ bá bi ọmọdé léèrè pé níbo ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ wà, ọmọ náà yóò dáhùn kíá, ìbéèrè yóò sì parí síbẹ̀. Èrò mi ni pé kò yẹ kí ó parí síbẹ̀. Ilé náà ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn àlejò ń wọ́ lọ síbẹ̀, wọ́n ń gun àkàsọ̀ rẹ̀, wọ́n ń wo àwòrán àwọn tí ó ti kú. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀ ni wọ́n ń gbà sí ìtàn. Bí ohun tí wọ́n gbọ́ bá wọ́, ìtàn tí wọn yóò sọ fún ọmọ wọn yóò wọ́ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ "àkọ́kọ́" yìí. Àwọn Haúsá ti ń fi amọ̀ kọ́ ilé tí ó ní òkè kí àwọn oníwàásù tó gúnlẹ̀ sí etí òkun wa. Ilé ìṣọ́ mọ́sáláṣí Gobarau ní Katsina sì ti dúró fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó gbá ìṣó mọ́ pákó ní Àgbádárìgì. Nítorí náà, bí a bá ní ilé yìí ni àkọ́kọ́, ohun tí a ń wí ni pé òun ni àkọ́kọ́ irú èyí tí àwọn ará Yúróòpù ń kọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ bu ọlá fún ilé náà kò nílò àsọdùn. Ọlá rẹ̀ wà níbòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ọdún ni ó tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ yóò gbọ́ pé ọdún 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé náà sọlẹ̀, pé ọdún 1845 ni wọ́n sì parí rẹ̀. Ní tèmi, ìtàn ìjọ méjì ni wọ́n so pọ̀ di ọ̀kan. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, oníwàásù àwọn Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú William de Graft. Ìyá Freeman jẹ́ òyìnbó, bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Áfíríkà. Láti Àgbádárìgì ni ó ti lọ kí Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí ó padà dé ní ọjọ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì, ó bá Henry Townsend, ọmọ ìjọ C.M.S., tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti wá wo ọ̀nà. Àwọn méjèèjì jọ ṣe Kérésìmesì ọdún náà ní Àgbádárìgì, lábẹ́ igi agia tí a mọ̀ mọ́ ìwàásù àkọ́kọ́ títí igi náà fi wó ní ọdún 1959. Ṣùgbọ́n Townsend kò dúró. Ó dé Abẹ́òkúta ní oṣù Kìíní ọdún 1843, ó sì padà sí Sàró, ó gba ibẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti gba oyè àlùfáà. Ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1845 ni ẹgbẹ́ C.M.S. tí ó wá láti jókòó tó dé. Ilé C.M.S. ni ilé tí à ń wí yìí. Ẹni tí kò tíì dé kò lè fi ìpìlẹ̀ ilé sọlẹ̀. Ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì ni ọdún 1842. Ti ilé yìí ni ọdún 1845, nígbà tí Ọbabìnrin Victoria ti lo ọdún mẹ́jọ lórí ìtẹ́.

Ta ni àwọn tí ó dé ní ọdún 1845 náà? Òyìnbó méjì ni orúkọ wọn kọ́kọ́ máa ń jáde: Townsend, àti Charles Andrew Gollmer tí ó jẹ́ ará Jámánì. Ẹnì kẹta ni Samuel Àjàyí Crowther. Ẹ mọ ìtàn rẹ̀, n kò ní fi gbogbo rẹ̀ gba àkókò yín. Ní ọdún 1821 ni ogun kó Òṣogùn, ìlú rẹ̀ nítòsí Ìsẹ́yìn, nígbà tí ó wà ní ọmọdékùnrin. Wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, àwọn Potogí sì rà á sínú ọkọ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1822 ni Myrmidon, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, gba ọkọ̀ ẹrú náà lójú òkun, wọ́n sì kó Àjàyí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Freetown. Ó kàwé níbẹ̀, ó ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1825, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a kọ́kọ́ gbà sí ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní ọdún 1827, ó bá wọn rìnrìn-àjò odò Ọya ti ọdún 1841, ó sì gba oyè àlùfáà ní London ní ọdún 1843. Nígbà tí ó fi máa tẹ ilẹ̀ Àgbádárìgì, ọdún mẹ́tàlélógún ti kọjá tí wọ́n ti gbé e kúrò ní etí òkun yìí nínú ẹ̀wọ̀n.

Kò dá wá. Asano aya rẹ̀ bá a wá, pẹ̀lú àwọn ọmọ. Asano náà jẹ́ ẹni tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú lójú òkun nígbà tí ó wà ní ọmọdé; Freetown ni wọ́n ti tọ́ ọ, ibẹ̀ ni ó ti ṣe ìrìbọmi, tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Susan, ibẹ̀ náà ni ó ti fẹ́ Àjàyí ní ọdún 1829. Nínú ìtàn tí a ń sọ nípa ilé yìí, orúkọ obìnrin náà kì í sábà jáde. Bẹ́ẹ̀ ilé gbígbé ni ilé náà! Ta ni ó ń dáná níbẹ̀, ta ni ó ń tọ́jú aláìsàn, ta ni ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní á-bí-dí? Kò pé oṣù púpọ̀ tí wọ́n dé tí aya Gollmer fi kú. Ibà etí òkun kò ka oyè sí. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ obìnrin tí ara rẹ̀ gba ojú ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré, bí ìwé ìròyìn àwọn oníwàásù tilẹ̀ gbójú fò ó.

Àwọn mìíràn tún wà tí a kò dárúkọ. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti òṣìṣẹ́ láti Sàró wà nínú ẹgbẹ́ tí ó gúnlẹ̀ ní ọdún 1845. Ọmọ ilẹ̀ wa ni wọ́n, tàbí ọmọ àwọn tí a kó ní ilẹ̀ wa, tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ pákó ní Freetown. Ohun èlò ti òkè òkun wá, Gollmer ni ó ń paṣẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó fa ayùn ni ọwọ́ àwọn tí a ti tà rí. Nígbà tí a bá ń pe ilé náà ní ilé òyìnbó, ó yẹ kí a rántí èyí. Láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ káfíńtà ti di iṣẹ́ ọlọ́lá láàárín àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà, tí wọ́n fi kọ́ idajì Èkó ní ìgbẹ̀yìn ọgọ́rùn-ún ọdún náà.

Kí ni ó tilẹ̀ mú wọn kọ́ ilé sí Àgbádárìgì? Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ibẹ̀ ni àwọn Sàró tí ó jẹ́ Ẹ̀gbá ti ń padà sí láti bí ọdún mélòó kan, Ṣódẹkẹ́ sì ti ṣe ìlérí pé òun yóò gba àwọn oníwàásù tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn ikú Ṣódẹkẹ́ ni wọ́n bá pàdé. Àwọn Ẹ̀gbá sì dó ti Adó, tí ó wà lójú ọ̀nà. Kò sí ẹni tí ó lè kọjá láìfòyà. Ní oṣù Keje ọdún 1845, Kòsọ́kọ́ lé Akíntóyè kúrò lórí oyè ní Èkó. Akíntóyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, kí ọdún náà tó parí ó ti sọ̀ kalẹ̀ wá sí Àgbádárìgì pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìlú náà kún fún olùwá-ààbò, àwọn olóṣèlú, àwọn oníṣòwò epo àti àwọn tí ó ṣì ń ta ènìyàn ní ìkọ̀kọ̀. Ilé alájà méjì yìí jẹ́ ilé ìdúró ẹni tí ọ̀nà dí mọ́. Bí ọ̀nà Abẹ́òkúta bá ṣí ní ọdún 1845, bóyá ni à bá tilẹ̀ máa gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Oṣù méjìdínlógún ni Crowther fi jókòó níbẹ̀. Ní gbogbo àkókò náà, Afala ìyá rẹ̀ wà láàyè, kò sì jìnnà sí i ju ìrìn ọjọ́ díẹ̀ lọ. Kò mọ̀. Ìyá náà kò mọ̀ pé ọmọ tí òun ti sunkún rẹ̀ tán wà ní etí ọ̀sà, tí ó ń ka ìwé ní èdè òyìnbó. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846 ni Crowther dé Abẹ́òkúta, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 21 oṣù náà ìyá àti ọmọ fojú kan ara wọn, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Afala ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1848. Hánà ni wọ́n sọ ọ́. N kò mọ ohun mìíràn nínú ìtàn ọgọ́rùn-ún ọdún náà tí ó fi iye tí òwò ẹrú ná wa hàn bí èyí ti fi hàn: pé kí ènìyàn padà dé ilẹ̀ rẹ̀, kí ó kọ́ ilé, kí ó máa gbé inú rẹ̀, kí ó sì tún jẹ́ àlejò sí ìyá tí ó bí i.

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi le sí. Wọn a máa sọ fún àlejò pé nínú ilé yìí ni Crowther ti túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Mo ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu amọ̀nà, mo sì ti rí i bẹ́ẹ̀ nínú ìwé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù ni ó kọ́kọ́ jáde ní ìtẹ̀, ní ọdún 1850, nígbà tí ó ti kúrò ní Àgbádárìgì fún ọdún mẹ́rin. Gbogbo Bíbélì lódindi kò pé títí di ọdún 1884. Láti ìgbà tí ìdílé Crowther ti kó kúrò nínú ilé náà, ọdún méjìdínlógójì ti kọjá; Crowther fúnra rẹ̀ ti di Bíṣọ́ọ̀bù láti ọdún 1864, ó sì ti lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí odò Ọya. Iṣẹ́ náà kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Thomas King, àlùfáà ọmọ Ẹ̀gbá, ṣe gudugudu méje níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Nígbà tí a bá fi gbogbo Bíbélì sínú yàrá kan, fún ọkùnrin kan, láàárín oṣù díẹ̀, à ń fi Crowther ṣe oníṣẹ́ ìyanu, à ń fi àwọn alábàáṣe rẹ̀ ṣe òjìji.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ti èdè? Ohun kan ṣẹlẹ̀, ó sì tóbi tó láti dá dúró. Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní London ní ọdún 1843. Ní oṣù Kìíní ọdún 1844 ó ti fi Yorùbá wàásù ní Freetown. Ṣùgbọ́n Yorùbá ẹni tí ó kúrò nílé ní ọmọdé ni Yorùbá rẹ̀, tí ó ti fi Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Sàró bò mọ́lẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ní Àgbádárìgì ni ó ti tún jókòó láàárín àwọn ènìyàn tí ó ń fọ èdè náà lójoojúmọ́: àwọn Ẹ̀gbá, àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun fọ́n ká, àwọn ará Èkó tí ó tẹ̀lé Akíntóyè. Ẹni tí ó bá fi ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ọdún 1843 wé èyí tí ó tún tẹ̀ jáde ní ọdún 1852, tí òwe kún inú rẹ̀ dẹ́nu, yóò rí i pé etí ọkùnrin náà ti ṣí. Kò sí ẹni tí ó ń kó òwe jọ nínú yàrá tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Bóyá ni kò jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ilé náà, níbi tí àlejò ń jókòó sí, ni ó yẹ kí a máa fi han àwọn ènìyàn ju yàrá òkè lọ. Orúkọ náà pàápàá, Yorùbá, tí ó jẹ́ ti àwọn Ọ̀yọ́ nìkan tẹ́lẹ̀, inú ìwé àwọn ènìyàn bí Crowther ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí di ti gbogbo wa. Ìpàdé lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀ wá wáyé ní Èkó ní ọdún 1875.

Ohun kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí àwa Yorùbá máa ń fò dá. Ègùn ni àwọn onílẹ̀ Àgbádárìgì. Èdè tí Crowther fi ń wàásù kì í ṣe èdè ilé wọn. Wọ́n gba àwọn àlejò náà, wọ́n fún wọn nílẹ̀, wọ́n jẹ́ kí wọ́n kọ́ ilé, ṣùgbọ́n wọn kò fi òrìṣà wọn sílẹ̀ nítorí wọn. Àwọn oníwàásù náà kò yé ṣe àròyé pé ilẹ̀ ibẹ̀ le. Mo rò pé àròyé náà kò tọ́. Ẹni tí ó sọ fún ọ láti ọjọ́ kìíní pé ilé rẹ kọ́ ni òun ń lọ, ìlú kejì ni òun ń lọ, o kò ní fi tọkàntọkàn gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìtàn ilé náà gẹ́gẹ́ bí àwọn Ègùn ṣe rí i láti ìta, ìyẹn ni ó kù díẹ̀ káàtó jù nínú ohun tí à ń fi han àlejò.

Kò jìnnà síbẹ̀ ni ilé Ṣèríkí Williams Abass wà, pẹ̀lú àwọn yàrá híhá tí wọ́n ti ń kó ẹrú pamọ́. Wọ́n ti ta Abass náà lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Brazil rí. Ó padà, ó di olówó, ó sì di olórí ìlú lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó kú ní ọdún 1919. Àlejò a máa lọ sí ilé méjèèjì ní ọjọ́ kan náà, bí ẹni pé ìtàn méjì ọ̀tọ̀ ni. Ìtàn kan ni. Ohun tí ó gbé Àjàyí lọ ni ó gbé Abass lọ, ọ̀nà tí oníkálukú gbà padà wálé ni ó yàtọ̀.

Báwo ni ilé náà ṣe wá dúró títí di òní? Ìdáhùn mi lè má dùn mọ́ àwọn ará Àgbádárìgì nínú. Ìfàsẹ́yìn ìlú náà ni ó gbà á là. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní ìparí ọdún 1851, Gollmer kó lọ sí Èkó ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, òwò náà sì tẹ̀lé e lọ. Àgbádárìgì di ibi tí ọkọ̀ ń kọjá. Kò sí ẹni tí ó ń du ilẹ̀ etí ọ̀sà náà, kò sí ẹni tí ó fẹ́ wó ilé láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ilé náà kù sọ́wọ́ ìjọ, àwọn àlùfáà ń gbé inú rẹ̀, wọ́n ń tún òrùlé ṣe nígbà tí ó bá jò. Ẹ wá wo Èkó níbi tí owó wà. Ilé ìdílé Fernandez ní Títà Tinúbu, tí a mọ̀ sí Ilọ́jọ̀ Bar, iṣẹ́ àwọn Àgùdà ayé Victoria, ìjọba ti kà á mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 ni wọ́n wó o palẹ̀. Ìwé òfin kò gbé ògiri ró bí owó ilẹ̀ bá ti gun òkè.

Mo fẹ́ fi àwọn ọmọ ilé náà kún un, nítorí ìdílé ni mo dárúkọ nínú àkọlé mi. Ọmọ Crowther kan, Samuel bíi bàbá rẹ̀, bá Henry Robbin ṣe iṣẹ́ òwú ní Abẹ́òkúta. Josiah ṣòwò lórí odò Ọya. Abigail fẹ́ Thomas Babington Macaulay ní ọdún 1854. Ọkọ rẹ̀ ni ó dá C.M.S. Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859, ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún 1864 sì ni Herbert Macaulay, tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Èkó títí ó fi kú ní ọdún 1946. Dandeson ni ó jọ mí lójú jù. Ọmọ ọwọ́ ni, a bí i ní ọdún 1844, nígbà tí ìdílé náà fẹ́ ṣí láti Sàró. Orúkọ akọ̀wé C.M.S. ní London ni wọ́n fi sọ ọ́, èyí tí ó fi bí bàbá rẹ̀ ti gbẹ́kẹ̀ lé àwọn ènìyàn náà hàn. Ní ọdún 1890 ni àwọn òyìnbó kékeré láti inú ẹgbẹ́ kan náà dé odò Ọya, wọ́n ń yọ àwọn àlùfáà dúdú níṣẹ́ lójú Bíṣọ́ọ̀bù arúgbó náà. Crowther kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Dandeson kó àwọn ìjọ ẹnu odò Ọya kúrò lábẹ́ àkóso C.M.S., àwọn ìjọ náà fúnra wọn sì ń dá owó, wọ́n ń san owó oṣù àlùfáà wọn. Kò kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà, kò sì kọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ó gbé ayé títí di ọdún 1938.